Wáyà London àti amplifáyà Àlááji: àkọsílẹ̀ àtúnṣe kan

Ọjọ́ kìíní, Sátidé

Àlááji pè mí ní ọ̀sán, nínú oṣù Ṣẹrẹ, nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́wọ́ tí eruku sì ti bo gbogbo Àbújá. Inú rẹ̀ ń dùn. "Wá wo ohun tí ọmọ mi fi ránṣẹ́ láti London. Ẹ̀rọ tí o ní kí n gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù, kò nílò àtúnṣe mọ́. Wáyà ló ń yọ ọ́ lẹ́nu látọjọ́ yìí."

Mo mọ ẹ̀rọ náà dáadáa. Amplifáyà ará Japan ni, onírin, tó wúwo bí àpò sìmẹ́ńtì. Èkó ni Àlááji ti rà á nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Nígbà tí olú-ìlú kúrò ní Èkó bọ́ sí Àbújá ní 12 oṣù Ọ̀pẹ 1991, òun àti ilé-iṣẹ́ wọn wà lára àwọn tó kó wá, ó sì gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dání. Láti ìgbà náà ló ti wà ní pálọ̀ rẹ̀, báyìí ní Gwarinpa.

Ó ti tó oṣù méjì tí apá òsì rẹ̀ ti ń ṣàìsàn. Tí Àlááji bá rọra ń gbọ́ ọ lálẹ́, sípíkà òsì á dákẹ́ wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹni tó fi ọwọ́ bo ẹnu sọ̀rọ̀. Tó bá gbé fólúùmù sókè díẹ̀, á là pẹ̀lú ariwo wẹrẹwẹrẹ, á padà sípò. Mo ti sọ fún un nígbà náà pé kó jẹ́ kí n ṣí i wò. Ọmọ rẹ̀ ló wá gbọ́ lórí fóònù, ó lọ ra wáyà tí owó rẹ̀ lé ní 400 pọ́ùn: èyí tó so ẹ̀rọ CD mọ́ amplifáyà, àti èyí tó lọ sí sípíkà méjèèjì, mítà mẹ́ta mẹ́ta.

Nígbà tí mo débẹ̀, àwo àpàlà ló ń kọ. Mi ò ní purọ́: ohùn náà yàtọ̀ sí èyí tí mo gbọ́ kẹ́yìn. Apá òsì ti jí. Mo ń gbọ́ bí ọwọ́ ṣe ń bọ́ sára awọ ìlù. Àlááji ń mi orí, Hájíà náà yọjú láti kíṣìnnì, ó ní, "Àbí ẹ ò rí i bó ṣe mọ́ gaara?"

Tí mo bá sọ pé etí wọn ló ń tan wọ́n, èmi ni mo purọ́. Ìyàtọ̀ wà. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ohun tó mú un wá.

Mo bi Àlááji bóyá mo lè wo àwọn wáyà àtijọ́. Inú ọ̀rá dúdú kan ni Hájíà kó wọn sí. Mo tú wáyà sípíkà àtijọ́ sílẹ̀ lórí ilẹ̀. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni, bíi 0.5 mm², ike rẹ̀ ti le gbagidi. Mo wo ẹnu rẹ̀ níbi tó máa ń wọ inú amplifáyà: bàbà yẹn kò pupa mọ́, ó ti dípẹtà, ó ti di àwọ̀ ewé láti etí dé ìdí, mẹ́rin nínú okùn wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ rẹ̀ sì ti já. Mo wá mú wáyà CD àtijọ́. Òrùka irin tó yẹ kó di ihò amplifáyà mú ṣinṣin ti ṣí, ó ti dẹ̀. Mo fi ọmọ ìka nu inú rẹ̀, ìka mi sì dúdú.

Mo ní, "Àlááji, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n dán nǹkan kan wò." Mo pa ẹ̀rọ, mo yọ wáyà CD ti London, mo fún òrùka wáyà àtijọ́ yẹn pọ̀ díẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀mú, mo fi í padà. Ohùn náà kò lọ síbì kankan. Apá òsì ṣì wà. Mo gé ẹnu wáyà sípíkà àtijọ́ kúrò títí mo fi dé ibi tí bàbà ti pupa, mo lọ́ ọ, mo dè é. Ohùn ṣì wà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà tí Àlááji fi wáyà tuntun tó le koko yẹn wọ inú ihò, òrùka rẹ̀ fá ara ihò náà bí ẹni fi pákò rin eyín. Ìdọ̀tí ọdún gbọọrọ ló fá kúrò. Ẹnikẹ́ni tó bá pààrọ̀ wáyà ti fọ ojú ibi tí irin ti ń kan irin, bó mọ̀ bí kò mọ̀. Lẹ́yìn náà, ó gbọ́ ohùn tó dára sí i, ó sì fi ìyìn náà fún wáyà.

Àlááji kò gbà. Ó ní òótọ́ ni pé òsì wà, ṣùgbọ́n pé ti London "fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ". Mi ò bá a jiyàn. Mo ní màá ṣe wáyà tèmi, a ó sì fi etí nìkan wò ó, láìfojú wò ó. Ó ní, "Tí mo bá dá ti London mọ̀, ọ̀fẹ́ ni wà á bá mi tún ẹ̀rọ yẹn ṣe." Mo gbà.

Ọjọ́ kẹta, Dei-Dei

Mo lọ sí ọjà Dei-Dei, níbi tí wọ́n ti ń ta ohun ìkọ́lé, nítorí wáyà tí wọ́n fi ń ṣe iná ilé náà ni mo fẹ́, irú èyí tó rọ̀, 2.5 mm². Sípíkà kò bi wáyà léèrè bóyá iná gílóòbù ni wọ́n ṣe é fún. Bàbà ni bàbà.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé gbogbo ohun tó pupa kọ́ ni bàbà. Ṣọ́ọ̀bù tí mo kọ́kọ́ yà gbé róòlù kan fún mi tó fúyẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo tọrọ ẹnu rẹ̀, mo mú bíléèdì tí mo máa ń gbé sápò, mo rọra họ okùn kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ funfun. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi bàbà kùn lára bí ẹni kun ilé. Irú rẹ̀ máa ń dènà iná tó ìlọ́po kan àbọ̀ ti bàbà gidi tí wọ́n jọ sanra, ó tètè máa ń kán níbi tí wọ́n bá ti fi ìdè tẹ̀ ẹ́. Mo dá a padà. Ní ṣọ́ọ̀bù kẹta, mo họ ọ́, ó pupa wọnú. Mo rà á, pẹ̀lú àpótí ike kékeré kan, irú èyí tí wọ́n ń rì sínú ògiri láti fi gbé swíìṣì.

Ọjọ́ karùn-ún, lórí tábìlì

Àlááji ti yá mi ní wáyà sípíkà London kan, ó sì kìlọ̀ fún mi dáadáa kí n tó gbé e. Wáyà tó rẹwà ni lóòótọ́. Aṣọ tí wọ́n hun yí i ká dán, ẹnu rẹ̀ nípọn, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ra débi pé kò mì. Ẹni tó ṣe é kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́.

Mo fẹ́ mọ bí wáyà kọ̀ọ̀kan ṣe ń dènà iná tó. Mítà tí wọ́n fi ń wọn iná lásán kò lè sọ ọ́, torí tí ẹ bá fi ẹnu mítà méjèèjì kan ara wọn, fúnra rẹ̀ á kà tó 0.2 tàbí 0.3 ohm (ohm ni wọ́n fi ń wọn ìdènà iná), èyí sì ju ohun tí à ń wá lọ. Ọ̀nà tó dájú ni pé kí èèyàn so etí wáyà kan pọ̀, kó rán 1 ampere gba inú rẹ̀ láti orí ẹ̀rọ iná tábìlì, kó wá fi mítà wọn fólítì tó sọnù láàárín ẹnu méjèèjì. Iye mílífólítì tó bá kà, iye milliohm nìyẹn (ẹgbẹ̀rún milliohm ni ohm kan).

Lílọ àti bíbọ̀, mítà mẹ́fà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wáyà àtijọ́ ka 209 milliohm. Ti Dei-Dei ka 42. Ti London ka 27, nítorí ó sanra ju tèmi lọ.

Sípíkà Àlááji jẹ́ 8 ohm. Tí ẹ bá ṣírò rẹ̀, wáyà àtijọ́ ń jẹ bíi 0.2 dB nínú ohùn (dB ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ga tó), tèmi ń jẹ 0.05, ti London 0.03. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín tèmi àti ti London kò ju 0.02 dB lọ. Ohùn gbọ́dọ̀ lọ sókè tàbí sódò tó nǹkan bíi 1 dB kí ọ̀pọ̀ èèyàn tó jókòó jẹ́jẹ́ tó mọ̀ pé nǹkan yí padà. Roger Russell, tó ṣiṣẹ́ lórí sípíkà fún ọ̀pọ̀ ọdún ní McIntosh, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe amplifáyà ní Amẹ́ríkà, fi òfin kan lélẹ̀ tí mo máa ń tẹ̀lé: kí ìdènà wáyà má ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ti sípíkà lọ. Fún 8 ohm, 0.4 ohm nìyẹn. Wáyà àtijọ́ Àlááji gan-an kò tíì débẹ̀. Dídípẹtà ẹnu rẹ̀ ló pa á.

Ọmọ iṣẹ́ mi bi mí nípa fàdákà, torí ó ti rí i pé wọ́n ń ta wáyà onífàdákà. Fàdákà dára ju bàbà lọ lóòótọ́, bíi ìdá márùn-ún sí mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún. Bàbà tó bá fi díẹ̀ sanra sí i ti dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀.

Ọjọ́ kẹjọ, wáyà CD àti àpótí

Wáyà tí wọ́n fi ń ṣe máíìkì ni mo lò fún ti CD, mítà kan, nítorí ìbòrí bàbà tó hun yí i ká kì í jẹ́ kí ariwo iná ilé wọlé. Mo bó o, mo lọ́ ìbòrí rẹ̀, mo kọ́kọ́ yọ́ lẹ́ẹ̀dì, irin rírọ̀ tí a fi ń lẹ wáyà, sí i lára kí n tó fi kan púlọ́ọ̀gì. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́ nìyí: wọ́n á gbé lẹ́ẹ̀dì sórí áyọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń yọ́ ọ, wọ́n á wá máa kùn ún bí ọ̀dà. Irin ni kí ẹ kọ́kọ́ mú gbóná, kí lẹ́ẹ̀dì yọ́ fúnra rẹ̀ sára irin, kó tàn yinrin bí omi. Tó bá rí bí eérú, tó ṣe ṣùkù, ẹ tún un ṣe.

Àwọn tó ń ta wáyà olówó ńlá máa ń sọ pé wáyà CD lásán ń gé ohùn wẹẹrẹ òkè kúrò. Irú wáyà yìí ní bíi 100 pF ní mítà kan (pF ni wọ́n fi ń wọn bí wáyà ṣe ń gba iná pamọ́ sára tó). Tí ẹnu ẹ̀rọ CD bá jẹ́ 600 ohm, ibi tí gígé náà ti ń bẹ̀rẹ̀ ju mílíọ̀nù méjì àbọ̀ Hz lọ (Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń mì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan). Etí ọmọdé tó le jù kò kọjá 20,000. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ́ òótọ́ gidi ni gìtá. Ẹnu gìtá tí kò ní bátìrì nínú kò lágbára rárá, kọ́ìlì rẹ̀ sì máa ń bá wáyà ṣiṣẹ́ pọ̀ bí ẹyọ kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Kubwa gbé tirẹ̀ wá ní ọdún tó kọjá pé ohùn rẹ̀ ti di. Wáyà mítà mẹ́wàá ló ń lò. Mo fún un ní ti mítà mẹ́ta, ohùn rẹ̀ là lójú ẹsẹ̀. Owó wáyà kúkurú yẹn kò tó ìdajì ti gígùn.

Àpótí náà wá ni olórí iṣẹ́ ọjọ́ yìí. Etí kì í rántí ohùn pẹ́. Tí èèyàn bá ń fi ìṣẹ́jú méjì yọ wáyà tó tún ń fi òmíràn sí i, ohun tó ń fi wéra ni ohùn àti ìrántí. Mo ra swíìṣì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà méjì. Wáyà méjèèjì á kúrò níbi kan náà, wọ́n á wọ inú àpótí, swíìṣì ni yóò yan èyí tó máa kọjá. Ọ̀kan fún wáyà CD, òsì àti ọ̀tún. Èkejì fún sípíkà kan ṣoṣo. Mo fi lẹ́ẹ̀dì lẹ gbogbo rẹ̀, mo fi mítà yẹ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan wò, mo dé e.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, Sátidé

Ká tó so àpótí mọ́ ẹ̀rọ, Hájíà ní ká gbọ́ nǹkan kan. Ó rẹ fólúùmù sílẹ̀. Apá òsì ti tún fi ọwọ́ bo ẹnu. Wáyà London sì ni ó wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí.

Àlááji jókòó. Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Gbé e lọ."

Ní ṣọ́ọ̀bù, mo ṣí ìdérí rẹ̀. Eruku pupa Àbújá ti tẹ́ bẹẹrẹ sórí gbogbo nǹkan. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì àti afẹ́fẹ́ gbá a jáde. Mo wá wo rílé, swíìṣì tí iná fúnra rẹ̀ ń tẹ̀, èyí tó wà láàárín amplifáyà àti ihò sípíkà. Òun ló máa ń dún "kíṣì" ní ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ tan irú ẹ̀rọ yìí. Ó ń dúró kí iná inú ẹ̀rọ balẹ̀ ná, ó sì ń gé sípíkà kúrò bí iná DC (irú ti bátìrì) bá fẹ́ yọjú síbẹ̀, kí kọ́ìlì sípíkà má baà jóná. Ike rẹ̀ mọ́ gaara, mo lè rí inú. Ojú irin ti ọ̀tún ti rẹ̀, ó dà bí eérú. Ti òsì dúdú kirikiri.

Ìdí tó fi ń dákẹ́ lálẹ́ nìyẹn. Ìpẹtà tó bo ojú irin náà fẹ́lẹ́, iná kékeré kò lè dá a lu. Tí Àlááji bá gbé fólúùmù sókè, iná náà á lágbára tó láti ya á kọjá, ohùn á là, á tún wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí wáyà tuntun dé, tayọ̀tayọ̀ ni Àlááji fi ń gbé fólúùmù sókè lójoojúmọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Àwọn kan máa ń fi bébà họ ojú rílé. Èmi kì í ṣe é, torí nǹkan dáadáa tí wọ́n fi bo ojú irin náà á bá a lọ, á tún pẹtà kíákíá. Mo ní kí ojúlùmọ̀ mi kan ní Alaba bá mi wá irú rẹ̀ tó ní kọ́ìlì 24V, ó fi í sínú mọ́tò, ó dé lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Mo fa lẹ́ẹ̀dì àtijọ́ jáde, mo fi tuntun sí i. Mo fọ fólúùmù àti gbogbo swíìṣì iwájú pẹ̀lú oògùn ìfọ̀, mo nu ihò ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo jẹ́ kó kọrin jẹ́jẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ mẹ́ta. Òsì kò mì.

Ọjọ́ kọkànlélógún, pálọ̀ Àlááji

Ọmọ iṣẹ́ mi ni mo fi sẹ́yìn aṣọ tí a ta, òun àti àpótí. Ó ń sọ owó ẹyọ sókè láti mọ èyí tó máa yàn, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ìgbà kọ̀ọ̀kan, a kọ́kọ́ jẹ́ kí Àlááji gbọ́ "Kìíní" àti "Èkejì" ní gbangba, lẹ́yìn náà a ó fi èyí tó fara sin sí i, kó sọ èwo ni. Ohun kan fẹ́ bà á jẹ́ níbẹ̀rẹ̀: swíìṣì ń dún. Tí kò bá dún, Àlááji á mọ̀ pé kò pààrọ̀. A wá ní kó máa tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta nígbà gbogbo, bó pààrọ̀ bí kò pààrọ̀. Èmi fúnra mi jáde sí ìta, kí ojú mi má baà sọ nǹkan kan.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún ni a ṣe é. Ẹni tó bá ń méfò lásán á gba bíi mẹ́jọ. Ká tó lè sọ pé kì í ṣe oríire, ó yẹ kó gba méjìlá.

Wáyà sípíkà, London àti Dei-Dei: Àlááji gba 7. Wáyà CD: ó gba 9. Hájíà náà jókòó, ó gba 8. Nígbà tó kàn mí, mo gba 7.

Àlááji mú ìwé náà lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ mi, ó kà á láti òkè délẹ̀, ó tún kà á. Ó ní, "Ṣé etí mi ló ti gbó ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Èèyàn tó ti ń gbọ́ orin láti kékeré, tó máa ń sọ fún mi pé onílù kan yí ọwọ́ padà níbì kan tí n kò fura sí, kò yẹ kó lọ sùn pẹ̀lú èrò yẹn. Mo sì mọ bí a ṣe lè dáhùn rẹ̀. Ó ní sípíkà kan ní ìta, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tó ti máa ń jókòó lẹ́yìn ìrun Íṣáì. Mítà ogún ni wáyà tó lọ síbẹ̀, èyí tẹ́ẹ́rẹ́ náà ni, 0.5 mm². Lílọ àti bíbọ̀, ó tó 1.4 ohm. Nínú wáàtì mẹ́wàá tó yẹ kó dé sípíkà, bíi méje ló ń dé. Mo na ti Dei-Dei sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo gbé àpótí lọ síbẹ̀, a tún bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà kan náà, owó ẹyọ kan náà.

Ó gba 14 nínú 16.

Mo ní, "Àlááji, etí yín dá ṣáṣá. Ohun tó wà níbẹ̀ lẹ gbọ́." Ó rẹ́rìn-ín, ó pe Hájíà kó wá wò ó.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ rẹ̀ pè láti London, Àlááji sì gbé fóònù fún mi. Ọmọ náà ní bóyá ẹ̀rọ yìí ti gbó jù láti fi ìyàtọ̀ hàn. Mo sọ fún un nípa James Randi, onídán kan, tó gbé mílíọ̀nù kan dọ́là sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà fún ẹnikẹ́ni tó bá lè fi agbára tó ju ti ẹ̀dá lọ hàn nínú ìdánwò tó yè kooro. Ní 2007, ó na owó náà sí àwọn tó ní àwọn lè fi etí mọ wáyà sípíkà tí wọ́n ń tà ju 7,000 dọ́là lọ yàtọ̀ sí wáyà lásán. Ìdánwò náà kò wáyé, wọ́n sì ti ẹ̀bùn náà pa ní 2015 láìsí ẹni tó gba mílíọ̀nù náà. Mo ní, "Àmọ́ ẹ ṣeun. Ẹnu wáyà yín le dáadáa, kò ní tètè dẹ̀ bíi ti àtijọ́." Òótọ́ ni mo sọ fún un.

Mo yọ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kúrò pátápátá, mo fi ti Dei-Dei rọ́pò rẹ̀. Ní pálọ̀, mo bi Àlááji èwo ni kí n fi sílẹ̀. Ó ní ti ọmọ òun ni. Mo nu ẹnu rẹ̀ méjèèjì, mo dè é mọ́ ẹ̀yìn amplifáyà. Kí n tó dìde, ó ti na owó iṣẹ́ mi sí mi, ó pé.